Ọkọ̀ Òfuurufú Bàbá Sọ̀fíyàt

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀nà ti há débi pé ọ̀kadà méjì ò lè pàdé kí ọ̀kan má fà sẹ́yìn, Gàfárù alágbẹ̀dẹ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sọ̀fíyàt, dé ilé arọ rẹ̀, ó bá àmì pupa ràgàjì kan lára ògiri. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Irú àmì tí ìjọba ń fi sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi í síbẹ̀, dúró lábẹ́ rẹ̀ tòun ti fáìlì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó wá kí ìyá ọmọ tuntun.

"Bàbá, ẹ kú oríire o. Ìjọba fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù yín."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń ṣe mí lóore báyìí?"

"Iṣẹ́ yín ló gbé yín ga. Ẹ rántí lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lọ́dún tó kọjá?"

Bàbá rántí. Awọ ẹwìrì rẹ̀ ló ya, kò sì rí ohun tó lè fi fẹ́ná mọ́. Sọ̀fíyàt ọmọ rẹ̀ ló bá a fi fóònù kọ lẹ́tà náà: ó tọrọ ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ná, nítorí òjò ti dé, àwọn àgbẹ̀ Àkànrán sì ń retí ọkọ́. Òjò náà ti lọ, ó tún ti padà dé.

Ọládiípọ̀ ṣí fáìlì. "Ìjọba ti gbé ètò ńlá kalẹ̀, láti ran àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti ohun ìjà lọ́wọ́. Ètò ẹkùn wa nìyẹn."

"Ẹkún?" Bàbá tún wo ògiri. "Ìyẹn yé mi. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹkùn ni mo wí, Bàbá. Agbègbè wa. A ó máa ṣe dúróònù níbí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ̀ kékeré tí kò ní awakọ̀. Ó ń fò lókè, ó ń wo ọ̀tá nílẹ̀."

"Tó bá ń fò, kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní dúró?"

"Bí òyìnbó ṣe ń pè é nìyẹn."

"Ó dáa. Láti ọdún tó kọjá ni ìjọba ti ń fún mi ní dúró yẹn. N ò mọ̀ pé ó ń fò."

Ọládiípọ̀ ò ka ìyẹn sí. Ó ṣàlàyé pé àwọn ti wá gbogbo Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹyẹrúnkà dé Ọjà'ba, ẹnì kan ṣoṣo làwọn rí tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àbújá. Lọ́jọ́bọ̀ ni àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá wò ó. Wọn ó wó ilé arọ, kí wọ́n lè kọ́ àgọ́ ńlá tí ọkọ̀ yóò ti rí àyè na apá. Ní ti ibi tí alágbẹ̀dẹ yóò ti máa ṣiṣẹ́ títí wọn ó fi kọ́ ọ tán, ìyẹn ò sí nínú ètò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni fìlà, sátífíkéètì, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Bàbá gbé ọwọ́ lé ògiri. Bàbá bàbá rẹ̀ ló mọ ilé arọ yẹn, kò sì ní òmíràn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà náà sí mi létí."

Ọládiípọ̀ gbé ìwé sókè. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀: Mo n se oko ni Bere. Mo fe ero afefe. Ó wá kà á bó ṣe yé e: "Mo ń ṣe ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ. Mo fẹ́ èrò afẹ́fẹ́."

"Èrò?"

"Èrò ọkọ̀. Àwọn tí yóò wọ̀ ọ́. Ó wú àwọn ọ̀gá wa lórí pé ọkọ̀ yín ti parí, èrò nìkan ló kù."

Bàbá wọlé, ó mú irin ọkọ́ kan jáde, ó gbé e lé Ọládiípọ̀ lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ náà rèé. Ẹ bá mi wá ibi tí èrò máa jókòó sí."

Ọládiípọ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọkọ́ nìyí."

"Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ọkọ́ ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni mo tọrọ, kí n lè fẹ́ná."

Òógùn bo Ọládiípọ̀, bẹ́ẹ̀ iná kankan ò jó nílé arọ. Ó bẹ Bàbá pé kó fi okùn so ọkọ́ náà mọ́ òrùlé lọ́jọ́bọ̀, kó máa fì, pé àwọn ọ̀gá ò ní pẹ́. Bàbá kọ̀. Ojú Ọládiípọ̀ wá là.

"Ohun ìjà wà nínú ètò wa. Ṣé ẹ lè rọ ọ̀kọ̀?"

"Mo lè rọ ọ̀kọ̀."

"Ó parí. Ọ̀kọ̀ lẹ kọ. Lójú ìwé, n ò tiẹ̀ ní pa nǹkan kan rẹ́."

"Ta la fẹ́ fi dáàbò bò?"

"Ẹ̀yin ará ìlú."

"Lọ́wọ́ ta? Ọ̀gá, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ládùúgbò yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ti wá sọ pé òun máa wó ilé mi. Fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọládiípọ̀ húkọ́. Ó ní ẹjọ́ òun kọ́, kọ̀ǹpútà ìjọba ni kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

"Tí àwọn ọ̀gá yín bá dé lọ́jọ́bọ̀, tí pupa yìí ṣì wà níbí," Bàbá wí pẹ̀lẹ́, "èmi náà á wà níbí. Wọ́n á bi mí léèrè ọkọ̀. Màá gbé ọkọ́ fún wọn, màá sì sọ orúkọ ẹni tó ka lẹ́tà."

Ọládiípọ̀ pa fáìlì dé. "Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, Bàbá?"

Bàbá na àkísà sí i.

"Kò le rárá. Ẹ nu àmì kúrò lára ògiri mi, kí ẹ lọ fi sórí ọ̀rọ̀."