Ta Ló Ń Jẹ Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Nínú Ààwẹ̀?

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí wọ́n bá orí mi nínú fíríìjì lọ́sàn-án ààwẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá sì mọ̀ mí ní Ìwó mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rí fín. Pákó ni mo ń tà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó bá tèmi lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ti dé fìlà onígun ní yunifásítì máa ń dúró jẹ́ẹ́ níwájú mi kí n tó sọ fún wọn èyí tó jẹ́ igi gidi àti èyí tí kòkòrò ti jẹ nínú. Ojú mi mú ni. Ojú mímú yẹn náà ni mo gbé wọ ilé ìdáná ìyàwó mi, òun ló sì kó bá mi.

Èso gígé ni ìyàwó mi, Ìyá Ràṣí, ń tà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti Ilé-Ogbó, ìbẹ́pẹ, wọ́tàmẹ́lọ̀n: á bó o, á gé e, á tò ó sínú ike, á dé e pa, ó di inú fíríìjì. Lọ́dún yẹn, àwọn ìyá asàlátù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa gbé iṣẹ́ èso ìṣínu fún un, pé kó máa gbé e wá lójoojúmọ́ títí ààwẹ̀ á fi parí. Inú ẹ̀ dùn débi tó sunkún. Àfi bí Ìyá Àdínì, olórí wọn, ṣe ránṣẹ́ pé èso tàná ti rọ̀, ó ń ṣomi. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Ìyàwó mi ní òun ò mọ ohun tó ṣe é. Èmi mọ̀. Lọ́sàn-án àná yẹn, mo ti ṣí fíríìjì kí tútù ẹ̀ fẹ́ mi lójú díẹ̀, torí ooru ń mú, afẹ́fẹ́ kì í sì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó kún ike dé ẹnu láàárọ̀ ti wálẹ̀. Nǹkan tó kún tó wá wálẹ̀, ẹnu ló bá a. Ẹnu ta? Nínú oṣù ààwẹ̀!

Kíá ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Múfú, àbúrò ìyàwó mi tó ń wa kẹ̀kẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí mi. Bí gbogbo ènìyàn bá ti rọ jọ̀kọ̀tọ̀ lọ́sàn-án, Múfú á máa súfèé. Ta ló ń súfèé nínú ààwẹ̀ tí kò bá rí nǹkan fi tu ọ̀fun? Tó bá sì fẹ́ kí mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọlúàbí tó tó yẹn, ó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi gé èso lẹ́yìn sààrì, ó tò ó sí fíríìjì, ó múra ọjà.

"Bàbá Ràṣí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣí nǹkan yìí títí n ó fi dé o."

"Fọkàn balẹ̀. Èmi ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀."

Mo sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Mo ṣí i, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tì í. Mo jókòó, ọkàn mi ò balẹ̀, mo tún ṣí i. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́n ọgbọ́n kan. Mo ṣí ọmọrí ike, mo gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan nàró sórí àwọn yòókù, bí ẹni gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ó dá ara ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ṣubú. Wọ́n ti débẹ̀! Mo tún gbé e nàró, ó tún ṣubú. Mo bá kúkú ṣí gbogbo ọmọrí sílẹ̀ kí n lè máa rí ìdí ọ̀ràn, mo fi òkúta há ilẹ̀kùn fíríìjì kó lè ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kí n lè máa yọjú wò ó láti pálọ̀. Fíríìjì ń kùn, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó ń gun òkè. Mo ní kó máa kùn, ó kéré tán òun náà ń ṣọ́ olè.

Bí wọ́n ṣe kírun ọ̀sán tán ni Múfú wọlé, ó ń súfèé.

"Múfú, wá níbí. Ya ẹnu."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Mo ní kí o ya ẹnu, jàre!"

Ó ya á. Ẹ̀yin ará, ẹnu ẹni tí kò jẹ, tí kò mu láti ìdájí! Mo fà sẹ́yìn dé ara ògiri. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. "O mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti run pákò ni," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run," ló wí, ó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ó wá ku ọ̀nà kan: kí n wá ojú eyín lára ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo kúnlẹ̀, mo ti orí bọ inú fíríìjì, mo mú ẹyọ kan sún mọ́ ojú. Bí mo ṣe ń yí i wò ni ìgúnpá mi gbá ike, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó dà yàà sí irùngbọ̀n mi, ó ṣàn dé àyà. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ "Àsàlámù àlékùm!" lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi ti dé, òun àti Ìyá Àdínì, tó ní òun fúnra òun fẹ́ wo èso tòní.

"Subuhánalláhì! Àlàájì!"

Mo fẹ́ dìde, orí mi gbá mọ́ fíríìjì. "Ìyá wa, kì í ṣe ohun tí ẹ rò."

"Mi ò tíì rò ó. Irùngbọ̀n yín ló ń sọ̀rọ̀."

Múfú ò jẹ́ kó tutù. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ya ẹnu."

Ìyá Àdínì ò rẹ́rìn-ín. Ó kó ọwọ́ bọ inú ike. Èso náà ti lọ́wọ́ọ́wọ́; òkè ẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́, ìbẹ́pẹ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ìyá Ràṣí, ṣé èyí ni ká fún aláàwẹ̀? Kò burú. Ẹlòmíì á gbé e."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Mo wò ó. Tí mo bá dákẹ́, gbogbo Ìwó á máa sọ pé ọwọ́ ẹ̀ ò dáa. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, òmùgọ̀ ni mí. Èmi tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, mo dọ̀bálẹ̀ nínú omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

"Ìyá wa, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa. Èmi ni mo bà á jẹ́. Láti àná ni mo ti ń ṣí i. Èmi ni mo ṣí ọmọrí, èmi ni mo fi òkúta há ilẹ̀kùn."

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Olè."

Ìyá Àdínì di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi tú. Nígbà tó rí èémí mí, ó bi ìyàwó mi bóyá ó ku èyí tí kò tíì gé. Ó kù. "Ẹ tún un gé báyìí. Àlàájì ni kó bó o."

Mo bó o. Ìyàwó mi ń gé, ó ń bá mi wí: èso tí ọ̀bẹ bá ti kàn, egbò ló dá sí i lára, tútù tí kò yẹ̀ ló ń fẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ni ooru ń wọlé, tó sì ń tu omi ara ẹ̀ dànù, ìyẹn ló fi ń wálẹ̀. Èyí tí mo ṣí ọmọrí ẹ̀ sì gbẹ lójú. "Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, Bàbá Ràṣí. Ẹ̀yin lẹ ń lé omi jáde lára ẹ̀." Mo ń yọ ẹ̀gún ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wọ̀ mí lọ́wọ́.

Èso náà dé mọ́ṣáláṣí kí Màgàríbì tó wọlé, iṣẹ́ sì kù sọ́wọ́ ìyàwó mi. Ohun tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan tó bá dín ni olè mú, àti pé ẹ̀ṣọ́ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ burú ju olè lọ. Nígbà tí wọ́n pe ìrun tán, tí wọ́n ń pín ike káàkiri, mo gbọ́ ohùn Ìyá Àdínì láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin:

"Ẹ gbé ti Àlàájì kọjá o! Wọ́n ti ṣínu!"

Gbogbo mọ́ṣáláṣí bú sẹ́rìn-ín. Kí ni n ó ṣe? Èmi náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ yíjú kiri, mò ń wá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà.