Omi Èédú Eegun

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo rò pé mo ti fún bàbá mi ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mu, kò jọ pé ó máa kúrò lọ́kàn mi láyé yìí. Irú ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí i rí.

Harobanda, nílẹ̀ àwọn Zarma, nilé wa wà, omi kànga ẹ̀rọ la sì ń mu. Nílé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ń lọ ní Lamordé la ti yẹ omi náà wò, tá a rí i pé èròjà tí wọ́n ń pè ní fúlóráìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ eyín ọmọ di rúsúrúsú. Àmínà, àbúrò mi ọmọ ọdún méje, ti ń fọwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ ò tíì hù tán.

Olùkọ́ wa kọ́ wa pé tá a bá sun eegun ẹran di èédú, tá a gún un, tá a sì jẹ́ kí omi gba àárín rẹ̀ kọjá, fúlóráìdì á lẹ̀ mọ́ èédú náà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ gbé e wá káwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ò dúró gbọ́ ìyẹn. Mo ti gbọ́n tán.

Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo ṣa eegun àgbò kárí àdúgbò, àpò ò kún. Ni mo bá gba pápá ẹ̀yìn ilé lọ, níbi táwọn alápatà ń da eegun màlúù sí, mo ṣa àwọn ńlá ńlá kún un. Mo sun ún nínú àgbá tí mo fi páànù bò, èéfín sì lé gbogbo aládùúgbò wọlé. Mo gún èédú náà, mo kó o sínú báàkẹ́tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Omi tó ń tibẹ̀ jáde ń rùn bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹran. Mo ní kí gbogbo ará ilé máa mu ún, pé ara wọn á mọ́ ọn. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí mo bá ti iléèwé dé, màá bá báàkẹ́tì lófìfo. Inú mi á dùn, màá rọ omi mìíràn sí i, èmi náà á mu ife méjì.

Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, Hàbí, obìnrin Zarma tó múlé gbè wá, wá bá ìyá mi tàkúrọ̀sọ.

"Ẹ ò rí nǹkan! Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi tó kú lọ́dún tó kọjá, tí mo ní kí wọ́n gbé jù sí pápá, ẹnì kan ti bá mi ṣa gbogbo eegun rẹ̀ lọ. Ọlọ́run á san án lẹ́san o!"

Mi ò lè ṣe àmín. Pápá yẹn náà ni mo ti ṣa àwọn eegun ńlá ńlá, haráámù sì ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún àwa Mùsùlùmí.

Bàbá mi, oníṣòwò aṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti da odidi ìkòkò ọbẹ̀ nù rí torí wọn ò mọ ẹni tó pa adìyẹ inú rẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé ọjọ́ tí ìwé bá mú mi kó haráámù wọlé, ọjọ́ náà ni màá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún kan péré ló kù kí n gba ìwé ẹ̀rí!

Ibi tí mo ti ń rò ó ni Bàbá jáde, jalabíà funfun lọ́rùn, bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Wọ́n bu omi sọ́wọ́, wọ́n gbé e sún mọ́ ẹnu. Mo rò pé omi báàkẹ́tì mi ni.

"Bàbá, ẹ má fi fọnu!"

Mo fò, mo já bútà gbà. Ẹsẹ̀ mi kọ báàkẹ́tì, ó ṣubú, omi dúdú tòun tèédú sì dà sí jalabíà Bàbá láti orúnkún délẹ̀.

"Ṣé o ti ya wèrè ni?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ náà. "Ẹ dákun, Bàbá. Eegun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ti ń mu ún."

Bàbá wo Ìyá. Ìyá wolẹ̀. Àmínà ló tú àṣírí.

"Àǹtí, àwa ò mu ún o! Ó ń rùn. Ìdí dóńgóyárò la máa ń dà á sí. Bàbá ní ká má sọ fún yín, kí inú yín má bàa bàjẹ́."

"Ewúrẹ́ gan-an kọ̀ ọ́," ni Ìyá wí, ẹ̀rín ti ń gbọ̀n wọ́n léjìká.

Áà! Èmi nìkan ni mo ti ń mu ún. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo bì. Bàbá tẹ̀ lé mi, wọ́n na bútà sí mi.

"Fi fọnu. Omi kànga lásán ni. Tó bá di Mọ́ńdè, padà lọ bá olùkọ́ rẹ. Eyín ọmọ yìí ò ní dúró dè wá."

Mo padà lọ. Ọwọ́ alápatà ni mo ti gba eegun lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ mi sì dúró tì mí títí ó fi jóná dáadáa, wọ́n yẹ omi rẹ̀ wò kí n tó gbé e délé. Mo ti kọ́gbọ́n: kí n béèrè kí n tó ṣe, kí n sì máa wo ọ̀fun ẹni tí mò ń ṣe lóore, bóyá ó ń gbé e mì.

Gbogbo wa la ń mu ún báyìí. Àmínà kì í sì í fọwọ́ bo ẹnu mọ́ tó bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á gbé ife fún mi, á ní, "Ẹ mu ún, Àǹtí, ti màlúù ni." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná.