Ẹ̀wà Kíkorò àti Dókítà Tó Jẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tó ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀? Ẹ rò pé àánú ló bí i, àbí? Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má sì bi mí bóyá yunifásítì ti wà nígbà náà.

Dókítà Ìbídùnní Àrẹ̀sà ló ṣe ìwádìí lórí bí kòkòrò kò ṣe ní í ba ẹ̀wà jẹ́. Ó rí i pé òróró dóńgóyárò ṣíbí kan péré ti tó àpò ẹ̀wà kan. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà ńlá kan, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń gbé ìwádìí wọn jáde, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi jókòó kà á. Áà! Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti fi òdo kan kún un. Ṣíbí mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Dóńgóyárò kì í kúkú ṣe oyin.

Ó sáré lọ bá olóòtú jọ́nà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúnjí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣàṣìṣe. Ẹ bá mi tún un ṣe kí àwọn àgbẹ̀ tó lò ó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó tọ̀ sórí ẹní àlejò.

"Ìbídùnní, jọ́nà wa kì í ṣàṣìṣe. Tí a bá ní iṣẹ́ kan kù díẹ̀ káàtó, kí ni wọn á sọ nípa ìyókù? Lọ kọ àtúnṣe rẹ wá, ká gbé e fún àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ wò."

Ó kọ ọ́. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà ṣe ojúsàájú. Ó pẹ́ kí èsì wọn tó dé: "A kò gbà á. Ó hàn gbangba pé ẹni yìí kò mọ nǹkan kan nípa dóńgóyárò. Kó lọ ka iṣẹ́ Dókítà Ìbídùnní Àrẹ̀sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti ń tọ́ka sí ṣíbí mẹ́wàá nínú ìwé tiwọn, rédíò ti gbé e, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń dà á. Ni ìyá rẹ̀ bá pè é láti Àgọ́-Àrẹ.

"Ìbídùn, gbogbo ẹ̀wà ìlú ló korò. Ewúrẹ́ gan-an fẹnu kàn án, ó tu ú dànù. Ta ni olóríburúkú tó ní ká da òróró yẹn sí i?"

"Màámi, èmi ni."

Ìyá rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn o."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó sùn. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó jẹ́wọ́ fáyé gbọ́. Ariwo ta! Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yára tẹ àtúnṣe jáde, lẹ́yìn ìwé pátápátá, lábẹ́ ìpolówó, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹyin iná orí: "Ọwọ́ jọ́nà yìí mọ́. Dókítà Àrẹ̀sà nìkan ló jẹ̀bi. Níbi tó ti kọ ṣíbí mẹ́wàá, ẹ kà á sí ọgọ́rùn-ún."

Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ta ni alága? Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúnjí.

"Ìbídùnní, ṣé o jẹ̀bi?"

"Mo jẹ̀bi, sà. Ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọgọ́rùn-ún tí ẹ tẹ̀ yẹn…"

Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí wọ́n fi ki ìwé ìyọniníṣẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ gbá a lápá mú, ó di ìta gbangba. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀, ẹni tí kò mọ ẹ̀bi kankan, ṣì wà lórí àga títí dòní.

Àwọn àgbà tó ń yọjú lójú fèrèsé wo ara wọn, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ká má parọ́, ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.