Ewé Ojú Kọ̀ǹpútà Látóńdé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ? Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi mọ ṣọ́ọ̀bù tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìkìrun ni.

Látóńdé ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí ọjà. Ó ra ojú kọ̀ǹpútà tuntun kan, irú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún iná tíntìntín ń tàn nínú rẹ̀, tí dúdú rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ẹni tó tà á kìlọ̀ fún un pé kó má fi àwòrán kan ṣoṣo síbẹ̀ pẹ́, torí iná tí kò bá sinmi, á rẹ̀ ẹ́, kò sì ní tàn dáadáa mọ́. Ta ló gbọ́? Ṣebí oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ síta. Látóńdé kọjú kọ̀ǹpútà sí títì, ó fi àwòrán ewé ńlá síbẹ̀, ewé tó yà fún páálí ọṣẹ dúdú Ìyá Moróunkẹ́jì. Odindi ọdún méjì, ewé ò kúrò, ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Moróunkẹ́jì yìí ni Látóńdé fẹ́ fi ṣaya. Ọdún méjì yẹn náà ló fi ń jókòó sórí àga kan náà nílé wọn, tí ìyá ọmọ ò gbà, tí kò sì kọ̀.

Nígbà tó yá, ìyá gbé fọ́tò ọṣẹ tuntun wá. Ó ní òun ò fi ewé di ọṣẹ mọ́, òun ò sì fẹ́ rí ewé lára páálí. Bí iṣẹ́ náà bá dára, kí Látóńdé lọ pe àwọn òbí rẹ̀ wá. Bí kò bá dára, kó lọ wá àga míì jókòó sí.

Torí iṣẹ́ ńlá yìí, Látóńdé yí ojú kọ̀ǹpútà tuntun yẹn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣí fọ́tò níbẹ̀, ó rí òjìji ewé lórí ọṣẹ. Ó fi áńkáṣífù nu ojú kọ̀ǹpútà, kò lọ. Ó bú ẹni tó ya fọ́tò. Ló bá fara balẹ̀, ó ń fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kun ibi tí òjìji wà, títí ọṣẹ fi dán lójú rẹ̀. Ó tẹ ẹgbẹ̀rún méjì.

Páálí dé, ewé funfun wà lára gbogbo ọṣẹ.

“Látóńdé, ewé wo rèé?”

“Màmá, kò séwé lójú kọ̀ǹpútà mi.”

Wọ́n jọ lọ wò ó. Ó ṣí ojú ewé òfìfo, ewé wà níbẹ̀. Ó ṣí fọ́tò ara rẹ̀, ewé wà níwájú orí rẹ̀. Ojú tì í gan-an, ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, kò lè gbójú sókè.

Ìyá fi ìka tọ́ka sí ewé náà.

“Ewé yìí pẹ́ lára ọṣẹ mi, ó ti di ọṣẹ. Ìwọ náà ti pẹ́ lórí àga mi. Bí mo bá lé ọ lónìí, àpá rẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Dìde, lọ pe àwọn òbí rẹ.”

Páálí yẹn náà ni wọ́n fi ta ọṣẹ, ewé funfun yẹn sì ni àwọn oníbàárà fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀yin tí àna yín ò tíì dá lóhùn, ẹ má dìde lórí àga. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.