Ṣówándé Aṣọ́lé àti Adìẹ Orí Okùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹ má dá mi lóhùn. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ni, ẹ ò ní jókòó tì mí níbí. Òwe tí ẹ̀ ń pa kiri bí ẹni pé ó ṣojú yín! Tọkọtaya jà, ẹ ní adìẹ bà lókùn. Onílé àti ayálégbé ò gbọ́ra wọn yé, adìẹ bà lókùn. Adìẹ ta ni? Okùn kí ni? Kí ló gbé adìẹ dé orí okùn, nígbà tí ilẹ̀ ò tíì tán? Ẹ ò béèrè rí. Èmi béèrè. Ẹni tó sì sọ ọ́ fún mi kì í purọ́ àfi bí ebi bá ń pa á, ó sì ti yó bámúbámú lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó láyé ijọ́un, Ṣówándé lorúkọ rẹ̀. Ṣówándé fẹ́ràn ìrìn àjò ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹni tí kò lówó, tó sì fẹ́ rìnrìn àjò, kí ló yẹ kó ṣe? Ẹ̀yin yóò ní kó jókòó sílé bàbá rẹ̀. Ṣówándé ò gbà. Bó bá ti wọ ìlú kan, á wádìí ẹni tó fẹ́ lọ síbi òkú àna tàbí sí oko ọ̀nà jíjìn, tí kò rí ẹni tí yóò bá a ṣọ́lé. Á lọ bá a, á ní, "Ẹ máa lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi á bá yín ṣọ́lé, mà á sì bá yín bọ́ àwọn ẹran ọ̀sìn yín." Á sùn nílé onílé, á jẹ iṣu onílé. Bí onílé bá dé, tó bá ohun gbogbo bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fà á lé ẹni tó ń lọ sí ìlú tó kàn lọ́wọ́.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìlú dé ìlú. Ó ṣọ́ ilé kan rí ní Ìjẹ̀bú-Òde tó jẹ́ pé ológbò ilé náà kì í jẹun àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kí i pé ẹ kú ilé. Ṣówándé ń kí i láràárọ̀. Kí ló kàn án? Oúnjẹ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti fàájì o. Ṣówándé ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Bọ́ṣẹ̀dé, tó wà nílé ọkọ ní Àgbádárìgì. Ó pẹ́ tí Bọ́ṣẹ̀dé ti ń wá ọmọ. Nígbà tí Ọlọ́run wá dáhùn, tí oyún rẹ̀ ti tó í bí, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò ní bàbá, a ò ní ìyá. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ó sọ ọmọ yìí lórúkọ, ta ni yóò dúró fún ilé wa?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣówándé lára. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó ká bùbá rẹ̀ kan ṣoṣo tó dára sínú àpò, ó gbéra. Ó ṣọ́ ilé títí, ó fi dé Ejìnrìn létí ọ̀sà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Bọ́ṣẹ̀dé ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ó bí ọkùnrin. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já, torí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kì í dúró de ẹnì kan. Ó di dandan kó wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù tó lè gbé e débẹ̀ lásìkò. Ọkọ̀ Bàbá Kúforíjì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá Kúforíjì jẹ́ fún yín. Bàbá náà láwọ́, ó láàánú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìkíni ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe ìkíni ẹnu o. Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, á ní, "Ṣé nǹkan rẹ sọnù ni?" Ó ti lé èèyàn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí torí pé onítọ̀hún kàn tẹ̀ba díẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀.

Ọlọ́run bá Ṣówándé ṣe é, Bàbá Kúforíjì fẹ́ lọ síbi òkú àna rẹ̀ ní Ìkòròdú, kò sì rí ẹni ṣọ́lé. Ṣówándé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku bò ó nímú. Inú Bàbá dùn. Ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé.

"Wo adìẹ yìí," ni Bàbá wí. Adìẹ náà sanra débi pé bó bá rìn, á sinmi. "Ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi kó tó jáde láyé. Ìyẹ́ kan ò gbọdọ̀ já lára rẹ̀."

"Kò ní já, Bàbá."

"Wo àgbò yìí náà." Àgbò wà lẹ́yìn ògiri kúkúrú kan, níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú ọ̀sà, torí koríko ibẹ̀ ló máa ń jẹ. Okùn ọrùn rẹ̀ gba orí ògiri kọjá wá sínú ọgbà, Bàbá sì ta á ní kókó mọ́ ìdí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Okùn yìí ni kì í jẹ́ kó yọ̀ ṣubú sínú omi. Má fọwọ́ kan kókó yẹn. Bí mo bá dé tí mo bá àwọn méjèèjì láyọ̀, ọkọ̀ mi á gbé ọ lọ sí Àgbádárìgì lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí mi ò bá bá wọn láyọ̀, máa fẹsẹ̀ rìn lọ."

Ṣówándé rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ máa lọ. Èmi tí mo ti kí ológbò!"

Ẹ wò ó, ohun gbogbo lọ déédéé. Adìẹ jẹ, àgbò jẹ, Ṣówándé náà sì jẹ. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ń bọ̀. Àwọn atukọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ létí omi lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń retí rẹ̀. Ṣówándé ní kí òun fọ bùbá òun, kí ó lè mọ́ tónítóní lára òun nígbà tí òun bá gbé ọmọ Bọ́ṣẹ̀dé lọ́wọ́. Kò burú. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó wá ibi tí yóò sá a sí. Okùn wo ló wà nínú ọgbà náà? Okùn àgbò ni. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sílẹ̀ jù, ọwọ́ bùbá á máa wọ́ nílẹ̀.

Ó wo kókó. Ó ní, "Ṣé kókó náà ni kí n máa bẹ̀rù?"

Àbí ẹ ò rí ayé! Ó tú kókó tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn, ó gbé e sókè, ó tún un ta sí ibi àyà òpó. Ó sá bùbá. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó gbóríyìn fún ara rẹ̀. Mo ti sọ fún yín, ọkùnrin yìí kì í ṣiyè méjì nípa ara rẹ̀.

Ibi tó ti ń wò ó ni ajá aládùúgbò ti yọjú. Adìẹ rí ajá, ó figbe ta, ó sáré gun orí odó, láti orí odó ó fò, ó bà lórí okùn. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Adìẹ náà ń gbọ̀n. Ó na ìyẹ́ sọ́tùn-ún, ó na án sósì, kò rójú bà dáadáa, kò sì lè sọ̀, torí ajá ti jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu kalẹ̀.

Kí Ṣówándé tó wí pé kí lèyí, kókó rẹ̀ tú.

Ó fò mọ́ ìdí okùn tó tú, ó gbá a mú. Lẹ́yìn ògiri, àgbò ti yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ń ké. Ṣówándé fẹ́ fà á padà so mọ́ òpó, okùn ò tó o mọ́. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó wá fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un: ó wé okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó ta á ní kókó, kókó yìí sì le bí òkúta. Kókó tó yẹ kó le ló tú, èyí tó yẹ kó tú ló wá le.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan lọ síwájú, okùn á dẹ̀, adìẹ ìyá Bàbá á bọ́ sẹ́nu ajá, àgbò á sì yọ̀ sínú ọ̀sà. Bó bá fà á sẹ́yìn, okùn á fún àgbò lọ́rùn. Ó dúró gbagidi. Ó ń lé ajá pé, "Ṣèè! Ṣèè!" Ajá ń ju ìrù.

Ìyá Ẹléní, obìnrin tó ń hun ẹní ní ilé kejì, yọrí láti ẹnu ọgbà. "Ṣówándé, ṣé kò sí o?"

"Kò sí o, Ìyá. Ilé ni mò ń ṣọ́."

"Kí ló wá so ọ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́? Ṣé kí n bá ọ lé ajá yẹn?"

Ó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Ẹléní bá rí láàárọ̀, gbogbo Ejìnrìn á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú. Ṣówándé ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Bí a ṣe ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìyí." Ìyá Ẹléní wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà gan-an ni Bàbá Kúforíjì wọlé dé.

Bàbá dúró ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa agbádá rẹ̀ jọ, ó ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Ṣówándé dúró ṣánṣán. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá! Ẹ kú ewu ọ̀nà!"

Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. "Ìwọ ọmọ yìí. Ìdúró lo fi ń kí mi?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ló wà nílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Adìẹ ló bà lókùn, Bàbá. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Ha, ara mi le koko, Bàbá! Kò sóhun tó ṣe mí."

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, okùn ti fẹ́ pín in sí méjì, ó ní kò sóhun tó ṣe òun!

Bàbá Kúforíjì ní, "Bí ara rẹ bá le, dọ̀bálẹ̀." Ṣówándé ò mira. Bàbá yíjú sí ẹ̀yìn ògiri, ó ké sí àwọn atukọ̀ pé, "Ẹ tú ọkọ̀, ẹ máa lọ! Ọkọ̀ mi kì í gbé ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

Ṣówándé gbọ́ tí àwọn atukọ̀ ń tú ọkọ̀. Ó rí Bọ́ṣẹ̀dé lọ́kàn rẹ̀, tó gbé ọmọ dání láàárín àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Adìẹ, foríjì mí. Àgbò, foríjì mí." Ó sì na gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gbì.

Okùn dẹ̀. Adìẹ já bọ́, ẹ̀yìn Ṣówándé ló sì já bọ́ sí. Àgbò yọ̀, ó dinú omi, gbuwaa! Okùn wá fa ohun tó so mọ́ ọn. Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lórí àyà. Ó la ọgbà kọjá pẹ̀lú adìẹ lẹ́yìn, ó gun ògiri kúkúrú náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, bí ó sì ṣe ń lọ ló ń kígbe pé, "Ẹ kú ilé o, Bàbá! Ẹ kú ilé o!" Ó bá àgbò nínú ọ̀sà. Fìlà rẹ̀ nìkan ni ajá rí mú.

Àwọn atukọ̀ di okùn láàárín mú, wọ́n fà á sínú ọkọ̀. Àgbò yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, Ṣówándé yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bùbá wà láàárín. Adìẹ jókòó lórí Ṣówándé, ìyẹ́ kan ò já lára rẹ̀.

Bàbá Kúforíjì sáré dé ẹ̀bá ògiri. Ó wo adìẹ, ó wo àgbò tó ń gbọnra, ó wo Ṣówándé tí omi ń jáde nímú rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀ wá.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi," ló wí, "kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi dénú omi rí. Ẹ gba adìẹ mi, ẹ gba àgbò mi. Ọmọ náà ti wà nínú ọkọ̀, kí ló tún kù? Ẹ gbé e lọ kíákíá, kó má baà tún kí mi pé ó dàbọ̀!"

Ṣówándé dé Àgbádárìgì lásìkò. Òun ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ Bọ́ṣẹ̀dé pẹ̀lú bùbá tútù lọ́rùn, gbogbo ará ilé ọkọ sì rí i pé Bọ́ṣẹ̀dé lẹ́ni. Bọ́ṣẹ̀dé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín ní ìbàdí tí ẹ fi ń rìn báyìí?"

Ó ní, "Kò sóhun tó ṣe mí. Ara mi le koko."

Bàbá Kúforíjì ò sì yé sọ ọ́ títí ó fi lọ sájùlé ọ̀run. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́ di òwe, wọ́n sì pa á gẹ́gẹ́ bí Ṣówándé fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ìyọnu lọ́jọ́ náà, méjì péré ni òwe dárúkọ, torí ẹnì kẹta fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sóhun tó ṣe òun. Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ pa á, ẹ pa á dáadáa, kí ẹ sì rántí ẹni tó wé okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ara Ṣówándé nìkan ló le.