Tíṣà Orrin àti Ọkọ̀ Tó Dì Mọ́lẹ̀

Ní ìlú Roseau, níbi tí itọ́ ti ń di yìnyín kó tó kanlẹ̀, Tíṣà Orrin Skogstad dúró ti ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ níwájú ilé, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹṣin. Marlys Bergeson, mẹkáníìkì tí Tíṣà fúnra rẹ̀ kọ́ ní sáyẹ́ǹsì nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé.

"O pẹ́, Marlys! Jíà ti kú."

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Mo fi í sí jíà, ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Bí kì í bá ṣe jíà, a jẹ́ pé ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń yí taya ló kán. Ṣé mo tún fẹ́ máa kọ́ ẹ níṣẹ́ ẹ ni?"

Marlys wọ inú ọkọ̀, ó fi í sí jíà. Ẹ́ńjìnì kùn, ìdí ọkọ̀ rọ̀ sílẹ̀, taya ò mira.

"Tíṣà, bí ọ̀pá bá kán, ẹ́ńjìnì á máa sáré lásán bí ajá tó já okùn. Eléyìí ń tiraka. Nǹkan kan ló dì í mú."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn."

"Ẹ ò sọ ọ́."

"Ṣe kíá jàre! Tó bá di aago mọ́kànlá tí n ò dé ilé Verna Lindquist, Clayton ló máa gbé e lọ síbi oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Clayton tó ra ọkọ̀ tuntun?"

"Má dárúkọ ọkọ̀ yẹn níwájú tèmi."

Marlys wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì. "Háà! Mo ti rí wọn. Wọ́n ti dì mọ́ra wọn gbágbá!"

"Verna àti Clayton? Níbo?"

"Bíréèkì ẹ̀yìn, Tíṣà! Òun ló dì mọ́ irin taya. Omi ló di yìnyín láàárín wọn."

"Omi kẹ̀? Látìgbà wo lójò ti rọ̀ gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni mo fẹ́ bi yín. Gbogbo ọkọ̀ ìlú yìí ló funfun fún iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì kí yìnyín lè yọ́, tiyín ń dán bí orí apárí."

Orrin wo ojú ọ̀run. "Mo da omi díẹ̀ sí i lára lánàá."

"Díẹ̀?"

"Korobá mẹ́fà. Gbígbóná. Pẹ̀lú ọṣẹ."

"Lẹ wá fa bíréèkì ọwọ́, ó fún bíréèkì ẹ̀yìn mọ́ taya títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Bó ṣe yẹ kí ẹni tó mọ̀wé ṣe."

"Tíṣà! Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé omi máa ń di yìnyín!"

"Mo kọ́ yín. Mi ò mọ̀ pé èmi náà wà nínú ẹ̀."

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọkọ̀ lẹ ń tún ṣe ni, àbí ọkọ lẹ fẹ́ jẹ́?"

Ohùn Orrin wálẹ̀. "Ọdún márùn-ún rèé tí ìyàwó mi ti lọ, Marlys. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá mi jẹun. Obìnrin yìí, Verna, ní òun á jókòó tì mí."

Marlys mú òòlù, ó lu ẹ̀yìn taya: gbà! gbà! Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó wà á síwájú, ó wà á sẹ́yìn. Pàù! Taya yí. Orrin fò sókè, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Tíṣà. Ẹ máa rọra tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà, kó lè gbóná kó gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fa bíréèkì ọwọ́ lónìí o! Bẹ́ ẹ bá lọ gbé Verna padà sílé nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ fà á pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níwájú ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Orrin wọ ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn. Ó tún yí gíláàsì wálẹ̀.

"Marlys."

"Tíṣà?"

"Báwo ló ṣe yẹ kí n fà á le tó?"