Koríko Ojúde Adéṣakin

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Bó ti wù kí koríko tutù tó, kì í bá onílé ṣọ̀fọ̀"? Ẹ fetí sílẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí.

Ní Ìkìrun ni. Adéṣakin, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, àti Fadérera ìyàwó rẹ̀, fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbé inú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Tóyọ̀sí, ọmọ wọn, títí ó fi lọ sílé ọkọ. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì jáde, wọ́n ra ilé lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń padà sí òkè òkun. Koríko tẹ́ síwájú ilé náà bíi kápẹ́ẹ̀tì. Fadérera kúnlẹ̀, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ ṣeun. Àwa náà ti ní ojúde tí àlejò lè jókòó sí."

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, koríko dé orúnkún. Owó tí àwọn tó ń báni gé e bèèrè tó owó ilé oṣù mẹ́ta ní yàrá àtijọ́. Adéṣakin kọ̀, ó lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ẹ̀rọ náà ń mu epo ju mọ́tò lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, ẹ̀rọ ta òkúta, òkúta fọ́ fèrèsé pálọ̀. Ó ra gíláàsì, ó tún ra ajílẹ̀. Ajílẹ̀ pọ̀ jù, koríko jóná. Ó gbin òmíràn, ó gbìn ín dé orí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kànga gbẹ, ó ra omi tánkà. Koríko mu tánkà, Fadérera fi ààbọ̀ garawa wẹ̀.

"Ọkọ mi," obìnrin náà ní, "ṣé kí n kúkú lọ dùbúlẹ̀ sáàárín koríko yín, kí ẹ lè wọ́n omi sí èmi náà lára?"

Fadérera rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ti àlejò ló wá burú jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí géètì, Adéṣakin á pariwo lójú fèrèsé: "Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri!" Àwọn ọ̀rẹ́ Fadérera gba ẹ̀gbẹ́ ògiri títí ó fi sú wọn, wọn ò wá mọ́. Obìnrin tí ayálégbé mẹ́jọ ń kí láràárọ̀ ní ilé àtijọ́ wá di ẹni tó ń dá jókòó, tó ń wo koríko.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, Adéṣakin lọ wá ajílẹ̀ dé Òṣogbo. Kó tó padà, àrùn ọkàn ti kọlu Fadérera lójijì. Ìyá Ọdẹ́yalé, aládùúgbò wọn, ló gbọ́ igbe rẹ̀, tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta, Fadérera kú.

Àwọn ènìyàn wá dárò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọlé. Gbogbo wọn bọ́ bàtà dání lẹ́yìn géètì, wọ́n ń ké láti títì bí ẹni ń polówó ọjà: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o! Ọlọ́run á tù yín nínú o!"

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́," ni Adéṣakin ń bẹ̀ wọ́n.

Ìyá Ọdẹ́yalé dá a lóhùn: "Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ má bínú. Koríko wà níbẹ̀."

Ni Adéṣakin bá na gbalaja sórí koríko náà tòun ti aṣọ ọ̀fọ̀. "Bí ẹ ò bá lè tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ èmi kọjá! Ẹ má jẹ́ kí n dá sunkún ìyàwó mi!"

Wọ́n rọ́ wọlé. Ẹlòmíì ń sunkún, ẹlòmíì ń fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojúde ti di eruku, Adéṣakin sì jókòó láàárín èrò, ó ń ké bí ọmọdé. Ìyá Ọdẹ́yalé gbọn koríko kúrò lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, ó ní:

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Bó ti wù kí koríko tutù tó, kì í bá onílé ṣọ̀fọ̀."